Ẹsẹ̀ Tí A Kò Tíì Fọ̀

Mamobi, Accra
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, ọdún 2025

Fáòsíà,

Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí ọ, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, mo mọ ara mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè oúnjẹ àti òtútù, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn á sì padà wọnú lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwọ àti ọkọ rẹ fẹ́ fi ara yín sílẹ̀, pé mi ò sì ní mọ̀ àfi tó bá ti parí.

Ó dáa, mo kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara le?

Nígbà tí o pè mí lóṣù tó kọjá, o ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ èmi àti Nasru ti sú mi," lo bá pa fóònù. Mo pè ọ́ padà, o ò gbé e. Nígbà tó yá o wá fi àwòrán ẹja díndín ránṣẹ́ sí mi, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mi ò le bi ọ́ lórí fóònù. O mọ agbo ilé wa. Bí mo bá sín nínú yàrá mi, Zuweira á bá mi tọrọ àánú Ọlọ́run láti ẹ̀yìn ògiri. Ohun tí mi ò bá fẹ́ kó dé etí Zuweira, ìwé ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Usamah àbúrò rẹ ní ìyà ni mo fi ń jẹ ara mi, pé dípò kí n máa kọ lẹ́tà kí n tún máa yà á ní fọ́tò, kí n kàn tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Mo ní ọwọ́ tí mo fi ṣe ìdánwò girama kò gbọ́ ti fóònù.

Usamah kan náà ló wá sọ fún mi láàárọ̀ àná pé ẹ ti lọ ṣe ìsinmi ní Zanzibar. Mo ní níbo nìyẹn? Ó ṣí àwòrán ilé ayé nínú fóònù rẹ̀, ó ní ibí yìí. Fáòsíà, bí ibi tí eṣinṣin su sí ló rí láàárín omi. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, Màámi, ó tóbi." Kò tóbi. Tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀, kí ni wọ́n ń wá lórí iyanrìn kékeré láàárín òkun? O ò mọ̀wẹ̀. Ọkọ rẹ náà, mi ò rí i kó sún mọ́ omi rí.

Bí ìjà bá wà, sọ fún mi. Bí kò bá sí, sọ fún mi kí n sinmi. Kí o sì má gbàgbé awò ojú mi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ta awò ojú ní ìlú òyìnbó, òwú ni mo fi so etí ti ojú mi.

Bá mi kí àna mi. Kí o sì má máa dárúkọ rẹ̀ gbàgbà bẹ́ẹ̀ yẹn, ọkọ rẹ ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéníkẹ́ Rájí


Mamobi
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ

Fáòsíà ọmọ mi,

O ti ka lẹ́tà mi. Àmì méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di búlúù tipẹ́, Usamah sì ti ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún mi. Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́. Bí o bá ṣì wà lórí omi, jẹ́ kí n mọ̀ pé o ti gúnlẹ̀.

Ilé dáa díẹ̀. Òjò ti wó ògiri ilé ìwẹ̀ wa lápá kan. Usamah ò tíì wá wò ó, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Kokomlemle, pé àwọn tó ń ṣòkú ò jẹ́ kóun mí, àwòrán olóògbé lóun ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ti rù. Gàrí tútù ni wọ́n ń mu níbẹ̀, mo mọ̀.

Omi òjò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní láti kó gbogbo ẹrù jáde. Mo tún rí abọ́ tánganran funfun kan tí mo rà ní ọjà Makola lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ. Omi tí ẹnikẹ́ni bù kò wọ inú rẹ̀ rí. Mo nù ún, mo dá a padà sáyè rẹ̀.

Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìsùn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ka lẹ́tà yín létí òkun, mo tún un kà nínú ọkọ̀ òfuurufú, mi ò kàn mọ ohun tí màá kọ ni. Ẹ tún mọ̀ pé Yorùbá tèmi, ẹnu ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n paa. Ẹ fi sùúrù kà á.

Òótọ́ lẹ sọ. A fẹ́ fi ara wa sílẹ̀.

Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa ní Aberdeen, lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Scotland. Nasru ní òun ò le fi ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun òun sílẹ̀ ní Leeds. Mo ní ipò tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí. Ó ní ṣé eré ni tòun ni. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ o, Màámi. Láti ìgbà ààwẹ̀ la ti ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Ó ní ìkòkò tiẹ̀, mo ní tèmi.

A ti sanwó ìrìn àjò yẹn kí ìjà tó dé, wọn ò sì ní dá a padà. Ni Nasru bá ní ká lọ, pé tá a bá débẹ̀, ká jókòó bí ọmọlúàbí, ká sọ bá a ṣe máa pínyà láìbú ara wa. A tilẹ̀ ti mú ọjọ́ tá a máa sọ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ló máa gbé wa lọ wo àwọn ẹja ńlá kan tó ń fò lójú òkun. A ní inú ọkọ̀ yẹn la ti máa sọ ọ́, torí kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa fi ìbínú pa dé mọ́ ẹnì kejì lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìjì dé. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò ní lọ. A dúró létí ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ padà sínú yàrá, òun náà ò fẹ́. Ọkọ̀ akérò kékeré kan ń bọ̀, trotro wa gẹ́lẹ́, mẹ́ètì rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń ké orúkọ ìlú tí mi ò mọ̀. Nasru wò mí.

Ó ní, "Ṣé ká wọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Lọ síbo?"

Ó ní, "Ibi tó bá ń lọ."

Màámi, ẹni tí kì í jáde nílé láìwo ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni o. A wọ̀ ọ́. Obìnrin kan gbé adìẹ rẹ̀ lé Nasru lẹ́sẹ̀, kò bi í léèrè. Nasru ní, "Fáò, ọjà Kaneshie ní Accra nìyí. Wọ́n kàn gbé òkun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa bá a rẹ́rìn-ín látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Wọ́n sá kànáfùrù sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ta sánsán wọnú ọkọ̀, ó dà bí ẹni pé Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀. Mo sọ fún Nasru pé Bàámi kì í jáde lọ sọ́jà láìjẹ kànáfùrù. Ó ní òun rántí, pé ọjọ́ tóun wá tọrọ mi lórí fóònù, Bàámi ń jẹ ẹ́, òun ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, òun kàn ń dáhùn "ẹ ṣé, sà" ni.

Níbi tí ọ̀nà parí sí la bọ́ sílẹ̀. Òkun ti fà sẹ́yìn lọ jìnnà, àwọn obìnrin sì wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń dáko. Inú òkun ni wọ́n ti ń dáko, Màámi. Wọ́n ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn láàárín, wọ́n ń so ewéko òkun mọ́ ọn bí ẹni ń fi òwú dirun. Nasru ní iṣẹ́ òun nìyẹn, ó ká ṣòkòtò, ó wọlé lọ bá wọn. Wọ́n tú gbogbo èyí tó so. Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi rì dé orókùn. Sálúbàtà mi kan wà níbẹ̀ títí dòní.

Ìyá àgbà kan láàárín wọn, Bíbí ni gbogbo wọn ń pè é, ló mú wa lọ sílé rẹ̀ pé ká wá jẹun. Yàtọ̀ sí "sàlámà" tá a fi kí ara wa, a ò gbọ́ èdè ara wa. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà, mo gbé ẹsẹ̀ kí n wọlé, ó na ọwọ́ dí mi. Ó gbé búùtà omi jáde, irú èyí tí Bàámi fi ń ṣe àlùwàlá. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ò jẹ́ fún un. Ló bá gbé búùtà lé Nasru lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Nasru lọ́ṣọ̀ọ́, ó fọ gbogbo ẹrẹ̀ yẹn kúrò, títí kan àárín ọmọ ìka. Mo ń wo àtàrí rẹ̀. Ewú ti wà níbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó hù ú. Ẹni tó ń gẹrun fún gbogbo Leeds, kò sẹ́ni tó ń bá a wo àtàrí tiẹ̀.

A jẹ gbágùúdá tí wọ́n fi omi àgbọn sè, a jẹ ẹja. A sùn lórí pèpéle ìta rẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. A ò sọ ọ̀rọ̀ tá a tìtorí rẹ̀ wá, a ò sì sọ ọ́ ní ọjọ́ tó kù níbẹ̀. A ti padà sí Leeds báyìí, ìkòkò méjèèjì ṣì wà lórí sítóòfù. Aberdeen ń retí mi ní oṣù kẹwàá.

Kí ni kí n ṣe, Màámi?

Fáòsíà yín


Mamobi
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Fáòsíà,

Mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi omi yẹn, mo dìde dúró. Zuweira rí ojú mi látojúde, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ata ló ta sí mi lójú.

Dá mi lóhùn kíá. Ta ni ìyá yẹn? Omi wo ni? Ṣé ó sọ nǹkan sí i? Kí ló wí nígbà tó gbé e jáde? Ṣé ìta gbangba lo wà àbí o ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni ọkọ rẹ fọ̀? Lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́, ta ló kọ́kọ́ wọlé nínú ẹ̀yin méjèèjì?

O kàn tẹ̀ lé ẹni tí o ò mọ̀ rí lọ sílé rẹ̀, o sì jẹun. Ṣé bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn? Kí o tó lọ sí ìlú òyìnbó, mi ò kì í jẹ́ kí o jẹ kẹ́ńkì lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ ìyá rẹ̀. Ẹ wá gbé ìkòkò méjì ka iná nínú ilé kan, láti ìgbà ààwẹ̀, ìwọ sì ń fi àwòrán ẹja díndín ránṣẹ́ sí mi.

Mi ò tíì le sọ nǹkan kan nípa Aberdeen. Dá mi lóhùn ẹsẹ̀ yẹn ná.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Ẹ kú ilé. Mi ò tètè kọ̀wé torí inú ń bí mi. Mo sọ fún yín pé ilé mi fẹ́ tú, ẹsẹ̀ lẹ ń bi mí. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti sọ òótọ́ inú mi fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún.

Omi kànga ni. Mo rí i nígbà tó ń fà á. Kò sọ nǹkan sí i, ó rẹ́rìn-ín ni. Ìta ni mo wà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, torí Bíbí fi ọwọ́ tì mí lẹ́yìn. Nasru dúró fọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé ó tó?

Ẹ ò dáhùn ohun tí mo bi yín. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ tí ìjà bá wà.

Fáòsíà


Mamobi
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Fáòsíà, ọmọ Rájí,

O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Má pa lẹ́tà yìí tì ṣá. Wá ibi jókòó kí o kà á.

Láàárín tiwa, bí wọ́n bá mú ìyàwó dé ilé ọkọ, kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ ìrìn àjò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Àwọn obìnrin ilé ọkọ á gbé omi tútù jáde, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá ọkọ ló sì yẹ kó ṣíwájú wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di ará ilé. Wọ́n fọ ti ìyá mi, wọ́n fọ tèmi. Tìrẹ ni wọn ò fọ̀. Ọdún tí àìsàn dá gbogbo ọkọ̀ òfuurufú dúró lẹ ṣègbéyàwó. Ìyá Nasrullah ti di olóògbé. Èmi àti bàbá yín ń wò yín lórí fóònù Usamah, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já níbi tí àlùfáà ti ń bi ọ́ bóyá o gbà. Títí dòní mi ò gbọ́ "mo gbà" rẹ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọjà, mo lọ sí Makola, mo ra abọ́ tánganran kan, funfun, etí rẹ̀ búlúù. Mo ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ jọ wọ Accra, màá bẹ ìyá kan nínú àwọn ìbátan ọkọ rẹ ní Nima kó wá fọ ẹsẹ̀ rẹ. Mi ò sọ fún ọ, mo fẹ́ kó bá ọ lójijì. Ọdún tí o wá, ọkọ rẹ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún tó ní òun ń bọ̀, ìwọ ń ṣe ìdánwò. Nígbà tí o wá pè mí pé ọ̀rọ̀ ti sú ọ, ẹsẹ̀ rẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní ọmọ mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní tèmi, ọdún ìyàn ńlá yẹn, 1983, ni wọ́n mú mi wọ ilé yìí. Òjò kọ̀, igbó ń jó, bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi ní Mamobi, atẹ́gùn ló ń jáde. Ìkòkò omi kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, mímu ni. Àwọn ìyàwó ilé ní kí wọ́n kàn wọ́n ọn sí mi lẹ́sẹ̀, pé Ọlọ́run mọ bó ṣe rí. Ìyá bàbá yín ní rárá. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó máa bá wa gbé là ń fọ̀, ẹ ò ní fi omi ṣahun sí i." Ó da gbogbo ìkòkò náà sí mi lẹ́sẹ̀. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rí omi mu nínú ilé yìí, àwọn ọkùnrin ń kùn káàkiri. Ọjọ́ tí èmi àti bàbá yín bá wá jà, tí mo ti di ẹrù mi, omi yẹn ni mo máa ń rántí. Mo ní àwọn tí òùngbẹ gbẹ nítorí ẹsẹ̀ mi, ṣé ẹsẹ̀ náà ni màá fi jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn? Màá tú ẹrù.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú yín rí nìyí. Ìwọ nìkan kọ́ lo rin ìrìn àìròtẹ́lẹ̀ lórí erékùṣù.

Kò pẹ́ tí wọ́n mú mi wọlé, bàbá yín ní kí n sin òun lọ sí Ada, níbi tí odò Volta ti ń wọ òkun, ká lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan. Oníbàárà ti lọ síbi òkú. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa padà takú. O mọ bàbá yín, ẹni tí oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀ tó bá ti gbọ́ ariwo ọjà. Ó kàn dúró, ó ń wo omi. Apẹja kan ní òun ń rékọjá lọ sí erékùṣù kan.

Bàbá yín ní, "Adéníkẹ́, ṣé ká lọ wo ohun tó wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Kí la fẹ́ tà níbẹ̀?"

Ó ní, "A ò ta nǹkan kan."

Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́ títí Ọlọ́run fi gbà á. Kò sí nǹkan níbẹ̀ náà. Igi àgbọn, iyanrìn, àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀ lé wa, tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Aláàtà. A mu omi àgbọn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bojú, ó sùn lọ́sàn-án gangan, èmi ń lé eṣinṣin fún un. Nígbà tí a padà dé èbúté, omi ti fà, ẹrẹ̀ ló kù láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Mo ká ìró mi sókè kí n bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní dúró ńbẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tí ìyá mi fi gbogbo omi ilé fọ̀, kí ẹrẹ̀ Ada wá gbà á?" Ló bá gbé mi kọjá, gbogbo apẹja ń hó lé wa lórí. Ojú tì mí débi pé mo di fìlà rẹ̀ mú bo ojú mi. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé a máa padà lọ sí Ada. Ọjà ò jẹ́.

O bi mí pé kí ni kí o ṣe. Mi ò mọ Aberdeen, mi ò sì mọ iye orí tí ọkọ rẹ ń gẹ̀ ní Leeds. Mi ò ní sọ pé kí o fi ipò rẹ sílẹ̀. Bàbá yín kò rán ọ níwèé kí o lè máa dúró sẹ́yìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ rẹ kò ní ìyá tó máa fọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń ṣe. Sọ fún un. Ka lẹ́tà yìí fún un bó bá gbà. Èyí tó kù, ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì ló wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ


Aberdeen
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá

Màámi mi,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ilé là ń kó.

Mo gbé lẹ́tà yín fún un ní ilé ìdáná. Ó ní òun ò le ka ọwọ́ yín, ni mo bá kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi òùngbẹ yẹn, ó dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí mi. Ó wá ní, "Ìyá mi ì bá da gbogbo ẹ̀." Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, inú ìkòkò tèmi ló ti bu ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà la wá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, a jà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó má rò pé torí omi lóun ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi. Ó ní èmi ló ń ro ìyẹn. Nígbà tó yá ó fi ṣọ́ọ̀bù sọ́wọ́ Mísbáù, ẹni tí wọ́n jọ ń gẹrun níbẹ̀, pé kó bá òun mójú tó o fún ọdún kan. Mo ní ṣé ó dá a lójú? Ó ní rárá, kò dá òun lójú, àmọ́ irun ń hù ní Aberdeen náà.

Inú òjò la dé ilé tuntun. Mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó ní kí n dúró síta. Ó wọlé, mo ń gbọ́ ọ tó ń tú páálí kiri, ó ń wá kẹ́tùlù iná. Òtútù ibí kì í ṣe eré, Màámi. Mo bọ́ bàtà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin òyìnbó kan yọjú láti ilé kejì, ó bi mí bóyá kọ́kọ́rọ́ mi ló sọnù. Mo ní rárá, ọkọ mi ni mò ń dúró dè. Ó wá gbé omi náà jáde nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń nulẹ̀, ó ń rú èéfín. Ó kúnlẹ̀ nínú òjò yẹn, ó da gbogbo ẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò le sọ̀rọ̀.

Mo wá wọlé.

Ìkòkò kan la kó wá, èkejì wà lọ́dọ̀ Mísbáù. Awò ojú yín ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ ní Accra. Olówó orí mi kí yín. Ṣé ẹ rí i, mi ò dárúkọ.

Fáòsíà yín


Mamobi
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá

Fáòsíà ọmọ mi,

Ẹ̀rù ti ń bà mí gan-an kí lẹ́tà rẹ tó dé. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé bóyá èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, pé mo kó ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ bá ọmọ tó ń wá ìrànlọ́wọ́.

Mo kà á. Lẹ́yìn náà mo tún un kà sókè. Fáòsíà, mo kà á sókè nínú ilé yìí. Nígbà tí mo dé ibi bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ohùn Zuweira láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìyá Usamah, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, mi ò gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa." Mo padà sẹ́yìn. Ó ti gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó kà á tán, ó ń nu ojú. Mo ní kí ló dé? Ó ní ata ni.

Sọ fún àna mi pé mo kí i. Sọ fún un pé mo ní ó ṣe é. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ ò dùn mọ́ mi, àmọ́ mo gbà. Ó yẹ kí ẹ pè mí kí n fi ojú rí i, mo ṣáà ti sọ fún ọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rẹ́ mi jẹ nígbà kan.

Mo ti fa abọ́ tánganran yẹn jáde. Láàárọ̀ yìí mo fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà tí mo fẹ́ fi se wàákyè. Ó gbà á dáadáa. Usamah bá mi nídìí rẹ̀, ó ní ṣé mi ò ní fi pamọ́ de ìyàwó tòun. Mo ní ṣé ó ti rí ìyàwó ni? Ló bá ń wo ògiri ilé ìwẹ̀, ó ní ó yẹ ká tún un mọ. Mo ní kó má dààmú, ọjọ́ tó bá mú un wá, Makola ò tíì kó lọ.

Mo wá ní kó gbé mi lọ sí Ada lópin ọ̀sẹ̀ yìí.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Màámi? Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Mo ní, "A ò ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí bí ẹni pé ibà ń ṣe mí. Ó ṣáà ti gbà. Mo ti yọ fìlà bàbá yín kan síta, mo sá a sóòrùn. Òórùn kànáfùrù ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rù tó kù ní ọkàn mi kò pọ̀. Omi tó ń rú èéfín yẹn ni. Ẹsẹ̀ rẹ ò gba gbígbóná láti kékeré, o sì ní o ò le sọ̀rọ̀. Kọ̀wé sí mi kí a tó gbéra lọ sí Ada, kí o sọ fún mi pé kò gbóná jù.

Ìyá rẹ,
Adéníkẹ́